Ìgbàlà Fáìlì Ìwé Atúmọ̀ Èdè Tó Bàjẹ́ Nínú Kọ̀ǹpútà

 

Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1843, àti nígbà tí R. C. Abraham gbé ìwé atúmọ̀ èdè tirẹ̀ jáde ní 1958, orí ìwé títẹ̀ ni iṣẹ́ wọn dúró lé, tó fi jẹ́ pé bí ikán bá jẹ ẹ̀dà kan ní Ìbàdàn, òmíràn yóò ṣẹ́kù sí Èkó. Ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá ń fi FieldWorks, ètò kọ̀ǹpútà tí àjọ SIL ṣe fún àwọn onímọ̀ èdè, kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè jọ, inú fáìlì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ parí sí .fwdata ni gbogbo ọ̀rọ̀, ìtumọ̀ àti àpẹẹrẹ tó gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà ń gbé.

Ohun tó sábà máa ń ba fáìlì yìí jẹ́ ni kí iná mànàmáná lọ lójijì nígbà tí ẹ̀rọ ń fi iṣẹ́ pamọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ lè ti pín àyè fún fáìlì náà, kí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó kún àyè ọ̀hún má sì tíì dé ibẹ̀. Bí ẹ bá wo ìwọ̀n rẹ̀, kò dín rárá, ṣùgbọ́n òdo lásán ló kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn àgbà a máa tu ẹni tó kàgbákò nínú pé omi ló dànù, agbè kò fọ́. Agbè tiwa yìí kò fọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò mìíràn ni a ó ti pọn omi rẹ̀.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ kọ́kọ́ pa ètò náà dé, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fódà iṣẹ́ náà sí ibòmíràn, kí ó sì jẹ́ pé ẹ̀dà náà nìkan ni ẹ ó máa fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá fáìlì tó parí sí .bak nínú fódà kan náà, nítorí òun ni ipò tí iṣẹ́ wà kí ẹ̀rọ tó fi í pamọ́ gbẹ̀yìn. Bí ara rẹ̀ bá dá, ẹ fún un ní orúkọ èyí tó bàjẹ́. Bí kò bá sí, ẹ wá ẹ̀dà .fwbackup tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀, tí ó jẹ́ fáìlì zip lábẹ́ orúkọ mìíràn, kí ẹ sì ní kí ètò náà dá a padà sípò.

Bí ó bá jẹ́ pé apá kan péré ló bàjẹ́, ìrètí ṣì wà, nítorí XML, ọ̀nà ìkọ̀wé tó ń fi àmì ìbẹ̀rẹ̀ àti àmì ìparí yí ọ̀rọ̀ ká, tí ojú sì lè kà, ni fáìlì náà. Bí a bá sì fara balẹ̀ tú eèrà, a ó rí ìfun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìtumọ̀ sì ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó ni ín. Ẹ yọ ibi tó já kúrò, ẹ pa àmì ìparí dé, kí ẹ wá jẹ́ kí FixFwData, tó bá FieldWorks wá, wá àwọn tó ń tọ́ka sí ohun tí kò sí mọ́. Ìlànà ìkọ lẹ́tà UTF-8 ni kí ẹ fi pa á mọ́ o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ohùn yóò dàrú, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kò fi ní ṣeé dá mọ̀ yàtọ̀.

Síbẹ̀, ìmúrasílẹ̀ ló ń gba iṣẹ́ là ju ọgbọ́n àtúnṣe lọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ pé, bí iṣẹ́ ọjọ́ kan bá ti parí, kí ó ṣe ẹ̀dà, kí ó fi ọ̀kan sórí flash, kí ó sì fi òmíràn ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn, nítorí àgbà tó ti papòdà kò ní padà wá tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún wa.