Owó Ìjọba Ò Dé Ọ̀dọ̀ Lánlọ́ọ̀dù

Ọ̀rọ̀ ọmọ yunifásítì tó ń gbé ìta ọgbà la mú wá.

Láti ọdún 2024 tí òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde, NELFUND ń san owó ilé-ìwé tààrà fún yunifásítì, ó sì ń fún ọmọ ní ₦20,000 lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Kò ní èlé; ó di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrúlú kí ọmọ tó máa san án padà. Ó dáa. Àmọ́ ẹni tó rí bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà àti ẹni tó háyà yàrá níta, ₦20,000 kan náà ni. Lánlọ́ọ̀dù ní tirẹ̀, owó ọdún kan gbáko ló ń béèrè, ti éjẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì tún wà lórí ẹ̀. Owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ ńkọ́?

Ọ̀kan nínú wa tó ń ta ata kó owó ọjà san owó ilé ọmọ. Oṣù méjì ló fi ń gba ata láwìn. Ẹ sì mọ̀ ọ́n, ata a máa jẹrà, gbèsè ẹ̀ kì í jẹrà.

A bẹ ìgbìmọ̀ ni o: ẹ jẹ́ kí ẹ̀yáwó ilé ọmọ dá dúró lọ́tọ̀ sí ti ọjà, kó sì jáde kí ilé-ìwé tó wọlé. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kọ́kọ́ wá bẹ́ẹ̀dì nínú ọgbà kí ẹ tó pe éjẹ́ǹtì.