Nọ́ńbà Lórí Ibojì



Ọ̀pọ̀ agboolé wa ni ó ní ọmọ ní Abidjan. Bí ẹnì kan bá kú síbẹ̀, ohun tí àwọn ará ilé ń bèèrè ni pé, “Níbo ni wọ́n sin ín sí?” Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé lọ sí ìlú Milledgeville, ní Ìpínlẹ̀ Georgia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 1842 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ síbẹ̀. Ó gbòòrò títí àwọn aláìsàn inú rẹ̀ fi lé ní 12,000 ní nǹkan bí ọdún 1960. Ìlú ńlá kúkú ni! Ẹni tí ó bá kú tí ará ilé rẹ̀ kò wá gbé òkú rẹ̀, bóyá nítorí ọ̀nà jìn, bóyá nítorí ìtìjú, inú ọgbà náà ni wọ́n ń sin ín sí. Irin kékeré ni wọ́n ń rì mọ́ ojú ibojì, nọ́ńbà ni ó sì wà lára rẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀ tó nǹkan bí 25,000.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, inú àwọn abúlé ìtòsí ni ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí, ó sì ní kí ẹbí kan bá aláìsàn wá, kí ó máa tọ́jú rẹ̀. Ní Milledgeville, ẹbí jìnnà.

Èyí tí ó dùn mí jù nìyí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn tí ń gé koríko ọgbà náà rí i pé irin wọ̀nyí ń dí ẹ̀rọ wọn lọ́wọ́, wọ́n bá fà wọ́n tu. N kò rò pé ìkà ni wọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ kí iṣẹ́ yá ni. Nígbà tí mo sọ èyí ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan ní, “Tíṣà, ṣé wọn kò kọ orúkọ wọn sínú ìwé ni?” Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n bí ìwé tilẹ̀ sọ ẹni tí ó ni nọ́ńbà, tí irin sì ti kúrò lójú ibojì, ibo ni a ó ti wá a?

Ní ọdún 1997, àwọn kan tí àrùn ọpọlọ ti bá jà rí lọ wo ibẹ̀, wọ́n sì pinnu pé àwọn yóò tún un ṣe. Nǹkan bí 2,000 irin ni wọ́n tò ní ìlà-ìlà. Wọ́n dúró ṣánṣán báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè dá wọn padà sórí àwọn tí ó ni wọ́n.