Kí Dókítà Tó Gbé Ọ̀bẹ: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́jáde Ìmọ̀ Pàtọ́lọ́jì

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ fi sìn yín sọ́nà.

Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, bí i lìmfómà àti lùkímíà, kì í fìgbà gbogbo jókòó sínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè fara pamọ́ sí ilé ẹyin obìnrin, sí ọrùn ilé ọmọ, sí ilé ọmọ fúnra rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi ń tan àgbà dókítà pàápàá jẹ.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́ ayé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1957, Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó wà ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, rí ọmọ kékeré kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wú lókè àti nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún lósì. Ó kọ nípa irú wọn jáde ní 1958; àìsàn náà ni à ń pè ní lìmfómà Burkitt. Àìsàn kan náà yìí a máa mú ilé ẹyin àwọn ọmọbìnrin, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1964, Epstein, Achong àti Barr rí fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Wọ́n fi orúkọ Epstein àti Barr pè é. Ibi tí ibà pọ̀ sí ni àìsàn náà ti wọ́pọ̀ láàárín ọmọdé, ilẹ̀ wa sì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọmọbìnrin ọdún 8 wá, tí ilé ẹyin rẹ̀ méjèèjì wú, ẹ má tíì pè é ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin.

Ọ̀bẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ abẹ ńlá ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún jẹjẹrẹ ilé ẹyin gan-an. Lìmfómà, òògùn ló ń ká a. Lìmfómà Burkitt lè di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ kan sí méjì, síbẹ̀ bí òògùn bá tètè dé, kíá ló ń yọ́. Obìnrin tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ kò lè lóyún mọ́, ẹ sì mọ ohun tí ojú irú wọn ń rí láwùjọ wa. Ìwé èsì tí ẹ bá fọwọ́ sí ni dókítà yóò tẹ̀ lé.

Ti ọrùn ilé ọmọ tún le. Pap smear tí a gbójú lé, awọ òkè ló ń ha, abẹ́ awọ sì ni lìmfómà ti ń dàgbà. Èsì á ní kò sí nǹkan, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa dà lára obìnrin náà. Ẹ ní kí dókítà gé ẹran tó jinlẹ̀, kí ó má sì fi irin tẹ̀ ẹ́ fọ́: sẹ́ẹ̀lì lìmfómà tó bá ti fọ́, kò ṣeé kà mọ́.

Lójú máíkírósíkóòpù, lìmfómà lè jọ kásínómà, ó lè jọ dysgerminoma, àkóràn lásán sì lè jọ ọ́. Ẹ fi antibody CD45 àti keratin yà wọ́n sọ́tọ̀, kí CD20 àti CD3 tẹ̀ lé e. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yé yín, ẹ béèrè MPO, torí lùkímíà náà lè ta kókó sí ilé ẹyin kí ó tó hàn nínú ẹ̀jẹ̀. Kókó náà a máa ní àwọ̀ ewé nígbà mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pè é ní chloroma.

Mo mọ̀ pé ibi tí àwọn kan nínú yín ń lọ, iná gan-an kò dúró, ká má tíì sọ antibody. Kí ẹran tó wọ formalin, ẹ fi ojú tí wọ́n gé tẹ síláìdì, ẹ fi Giemsa kùn ún. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ihò ọ̀rá kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì Burkitt á sì hàn kedere. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà pẹ̀lú.

Bí iyèméjì bá wà, ẹ pe tíátà, ẹ ní kí wọ́n dúró. Wọ́n lè bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Ẹ ní nọ́ńbà mi, ẹ pè mí, ì báà jẹ́ lóru.