Àtúnrọ Ètò Tẹlifíṣọ̀n Tòkunbọ̀

Ní ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 1972, gbogbo ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí apá ọ̀tún. Apá òsì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ní ìlú wọn, òun náà ni wọ́n sì fi lélẹ̀ fún wa nígbà tí wọ́n ń ṣe àkóso. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún ni àwọn aládùúgbò wa ní Dàhòmì, tí ó di Benin lẹ́yìn náà, ń gbà. Nígbà tí ọ̀nà yí padà, ọkọ̀ kò lè wà bí ó ti wà. Ọkọ̀ tí sítíárì rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún a máa gbé awakọ̀ jókòó sí ẹ̀bá igbó. Bí ó bá fẹ́ kọjá lọ́rì tí ó wà níwájú rẹ̀, kò ní í rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, àfi bí ẹni tí ó jókòó tì í bá bá a wò ó. Ẹni tí ó bá sì yí sítíárì padà mọ̀ pé iṣẹ́ kò tán síbẹ̀. Bíréèkì ń bẹ níbẹ̀, wáípà ń bẹ níbẹ̀, dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn náà ń bẹ níbẹ̀. Gbogbo wọn ni yóò bá sítíárì lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ètò tẹlifíṣọ̀n tí a gbé kúrò ní ìlú kan lọ sí ìlú mìíràn ti rí gan-an nìyí. Ìtumọ̀ nìkan kò tó o. Àtúnrọ ni orúkọ tí ó yẹ iṣẹ́ náà. Alágbẹ̀dẹ tí ó fẹ́ sọ ọkọ́ di àdá kì í kàn fi èèkù àdá bọ ọkọ́ nídìí. Iná ni yóò fi irin náà sí, yóò sì lù ú títí yóò fi gba ìrísí mìíràn. Irin àtijọ́ náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ni yóò máa ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ àpẹẹrẹ kan wò láti òkèèrè. Ní ọdún 1977 ni ilé-iṣẹ́ BBC dá ètò kan sílẹ̀ lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìlú Birmingham. Top Gear ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ètò ìmọ̀ràn ni fún ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ tàbí tí ó fẹ́ mọ bí a ti í wà á láìséwu. Wọ́n dá a dúró ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n nígbà tí ó padà dé ní ọdún 2002, ó ti di nǹkan mìíràn. Jeremy Clarkson àti Richard Hammond, pẹ̀lú James May tí ó dara pọ̀ mọ́ wọn ní ọdún 2003, sọ ọ́ di ìjókòó ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí ń bú ara wọn, tí ń já ara wọn nírọ́, tí wọ́n sì ń fi ọkọ̀ àlòkù rin ìrìn tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kò jẹ́ dáwọ́ lé. Awakọ̀ kan tún wà pẹ̀lú wọn tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í sì í ṣí ojú; Stig ni wọ́n ń pè é. Bí eégún ni ó rí: gbogbo ayé mọ̀ pé ènìyàn ni ó wà nínú aṣọ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti gbé aṣọ náà rí fẹ́ fi ìwé sọ ara rẹ̀ di mímọ̀ ní ọdún 2010, ilé ẹjọ́ ni BBC gbé e lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jàre.

Àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ irú ètò yìí. Ilé-iṣẹ́ NBC kọ́kọ́ dán an wò ní ọdún 2008, wọn kò sì bá a lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2010, ìkànnì History gbé ti Amẹ́ríkà jáde. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, kò sí ohun tí ó dín. Bí ti Gẹ̀ẹ́sì ti ní atọ́kùn mẹ́ta ni tiwọn náà ṣe ní mẹ́ta: Adam Ferrara tí í ṣe aláwàdà, Tanner Foust tí í ṣe eléré-ìje ọkọ̀, àti Rutledge Wood tí àwọn òǹwòran eré-ìje NASCAR ti mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì ti ń sáré ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ní Dunsfold ni àwọn wọ̀nyí ṣe ń sáré ní pápá àtijọ́ ti El Toro ní California. Ẹni tí í wọ aṣọ funfun tí kì í sọ̀rọ̀ náà kò gbẹ́yìn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti mọ ti Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ṣòkòtò ẹlòmíràn ni wọ́n wọ̀. Àwọn àgbà sì ti wí pé ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.

Kí ni ó fa àìbámu náà? Èkínní ni pé wọ́n lè ra ìlànà ètò, ṣùgbọ́n wọn kò lè ra ọ̀rẹ́. Èébú tí ó ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láàárín ọ̀rẹ́ mẹ́ta, ọdún púpọ̀ ni ó fi jinná. Èkejì ni pé ọkọ̀ kò túmọ̀ sí ohun kan náà ní ìlú méjèèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéré, ọ̀nà ìgbèríko rẹ̀ sì há. Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn lè wakọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ó má tíì dé etí òkun. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn atọ́kùn ará Amẹ́ríkà dín ìjókòó inú ilé kù, wọ́n gba ojú ọ̀nà ara wọn lọ, pẹ̀lú irú ọkọ̀ tí àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wọn ń lò. Láti ìgbà náà ni ètò náà ti ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ó sì wà lórí ìkànnì náà títí di ọdún 2016.

Ẹ kíyè sí i pé èdè Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ìlú méjèèjì ń sọ. Síbẹ̀, ohun tí ará London ń pè ní ‘bonnet’, ‘hood’ ni ará Amẹ́ríkà ń pè é. ‘Boot’ ti ọ̀hún, ‘trunk’ ni níhìn-ín. Yorùbá ń pe bọ́nẹ́ẹ̀tì àti búùtù nítorí pé ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ni a ti gbà wọ́n. Bí àwọn tí ó jọ ń sọ èdè kan bá nílò àtúnrọ láàárín ara wọn, mélòó mélòó ni àwa tí èdè wa yàtọ̀ pátápátá?

Àgbà ọ̀jẹ̀ kan wà láàárín wa tí ó mọ iṣẹ́ àtúnrọ. Ọlá Rótìmí ni, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Ìjọ́. Ó mú eré Oedipus tí Sophocles kọ ní ilẹ̀ Gíríìkì, ó sọ ọ́ di The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní ọdún 1968. Nínú eré ti Gíríìkì, ìjà ọ̀nà ni ó fa ikú ọba. Ọba ń bọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan pàdé ní oríta mẹ́ta, èkíní kò sì yà fún èkejì. Rótìmí wo ilẹ̀ wa, kò rí kẹ̀kẹ́ ẹṣin níbẹ̀. Ó fi oríta sílẹ̀ bí ó ti wà, ṣùgbọ́n ó gbé ìjà náà lọ sí inú oko iṣu ní agbègbè Ẹdẹ. Àgbàlagbà kan dé, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wa iṣu Ọ̀dẹ́wálé. Nígbà tí Ọ̀dẹ́wálé fọhùn, àgbàlagbà náà fi ahọ́n rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni, nítorí bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni Ọ̀dẹ́wálé kò lè gbé mì. Ọkọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni ó fi pa á, kò sì mọ̀ pé bàbá òun ni.

Ẹ ò rí i pé Rótìmí yí sítíárì padà, gbogbo ohun tí ó so mọ́ ọn sì bá a lọ. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ó lè mú kí ọmọlúàbí gbé ọwọ́ sókè sí àgbà ní ilẹ̀ wa. Ìdáhùn tí ó rí ni ilẹ̀, iṣu, àti ẹ̀gàn tí a fi kan èdè ẹni.

Ní orí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, tí ó sì mú Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣáájú gbogbo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú. Ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ni ìjọba bá dá a sílẹ̀, àwòrán òkèèrè sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960 náà ni àwọn ẹgbẹ́ eléré bíi ti Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, wọ inú àpótí náà, tí wọ́n sì fi ẹnu Yorùbá sọ ọ́ di tiwa. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ètò ìbéèrè olówó gọbọi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, Who Wants to Be a Millionaire, dé Nàìjíríà ní ọdún 2004, Frank Edoho sì ni atọ́kùn rẹ̀. Ìkíni àti owó náírà yí padà, ọ̀pọ̀ ìbéèrè sì jẹ́ ti ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń bèèrè, òun náà ni a sì fi ń dáhùn. Ó pẹ́ kí ètò Másọ̀yìnbó, tí Ọlálékan Fábílọ́lá ń tọ́kùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó mú ìlànà ìbéèrè àti owó kan náà, tí ó sì yí sítíárì rẹ̀: Yorùbá nìkan ni olùdíje gbọdọ̀ sọ. Ohun tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a fi ń gba ẹ̀bùn.

Ẹ wá jẹ́ kí a ronú pé ẹnìkan fẹ́ ṣe ètò ọkọ̀ fún àwọn ará Aisegba-Èkìtì, ní ojú ọ̀nà tí ó ti Adó gba Ìjàn àti Ìlúọmọba wá, tí ó sì ń lọ sí Òde àti Òmùò. Bí ó bá gbé eré-ìje pápá ọkọ̀ òfuurufú wá, wọn yóò wò ó, wọn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tiwọn yàtọ̀. Ọkọ̀ wo ni ó lè gbé iṣu gun òkè lẹ́yìn òjò? Báwo ni mẹkáníìkì ṣe ń fi etí lásán mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan ti rẹ̀? Ta ni ó kọ́kọ́ pe Volkswagen ní ìjàpá, tí ó sì pe ọkọ̀ onípákó ní bọ̀lẹ̀kájà? Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ ọmọ tí a bí sí ẹ̀yìn odi ni tòkunbọ̀ kí ó tó di orúkọ ọkọ̀ àlòkù. A kì í sì í bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà sí òkun, ilé ni a ń kọ́ ọ láti mọ̀.

Ọ̀nà tí wọn yóò gbà sọ ọ́ tún ṣe pàtàkì. Ará Aisegba ń pe ilé ní ulé, ó ń pe iṣu ní uṣu, ó ń pe igbá ní ugbá. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Èkìtì ti gbọ́ ẹ̀rín ẹlẹ́gbẹ́ wọn nínú kíláàsì nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ mìíràn a sì tún bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá jẹ́ kí ọmọ náà gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ àfi lẹ́nu ẹni tí a fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà, ọ̀rọ̀ àgbàlagbà inú oko Ọ̀dẹ́wálé ni ó ń tún sọ fún un lálaalẹ́.

Nítorí náà, kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní eré oníṣe àti akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò di olóòtú ètò lọ́la má ṣe bẹ̀rù ohun àlejò. Kí wọ́n rà á bí ó bá dára. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé e sí ojú ọ̀nà, kí wọ́n wo ibi tí sítíárì rẹ̀ wà. Ẹni tí ó jókòó sí ẹ̀bá igbó kò lè rí ẹni tí ń bọ̀, àwọn tí ó sì kó sẹ́yìn, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n.