Kékeré Ló Ń Jí Ńlá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bátìrì kékeré rí nínú ọkọ̀ tí ń lo epo pẹtiróòlù pọ̀ mọ́ iná mànàmáná. Irú rẹ̀ ni Prius, tí ilé-iṣẹ́ Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ilẹ̀ Jàpáànù ní ọdún 1997.

Nínú Prius ti ọdún 2004 sí 2009, agbára bátìrì ńlá lé ní 200 fóòtì. Ti kékeré jẹ́ 12. Ńlá ló ń ṣí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kékeré ló ń jí kọ̀ǹpútà tí ń tú agbára ńlá sílẹ̀. Bí kékeré bá kú, ọkọ̀ kò ní í mira.

Kí ni ṣíṣe? Awakọ̀ yóò yá iná láti ara bátìrì 12 fóòtì mìíràn. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú àpótí fíúùsì, ni ojúkò wáyà pupa wà. Ara irin tí kò ní ọ̀dà ni ti dúdú. Ẹni tó bá gbé ọ̀kan sípò èkejì lè ba ẹ̀rọ olówó ńlá jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú wáyà aláwọ̀ ọsàn: iná apani ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bí ọkọ̀ bá ti jí, bátìrì ńlá yóò máa bu iná fún kékeré. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe gbára lé ara wọn.