Jíà Tí A Fi Gòkè La Fi Ń Sọ̀kalẹ̀: Bí Mọ́tò Mẹ́sàn-án Ṣe Mú Mi Wálé

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ìpàdé ẹ̀ka Èkó sọ. A tẹ̀ ẹ́ síbí fún àwọn tí kò ráyè wá.)

 

Akọ̀wé wa ló ní kí n wá sọ bí ìrìn àjò tí mo rìn lóṣù Kọkànlá ṣe lọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọ̀rọ̀ mọ́tò àtijọ́ ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè fẹ́ gbọ́?" Wọ́n ní kí n ṣáà máa bọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ tí a gbéra yẹn, ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti wálé kẹ́yìn. Èmi tí mo ń san owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù, tí ariwo mi pọ̀ jù lórí WhatsApp! Ẹ bi mí pé kí ló dé, màá ní ọ̀nà ò dáa. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Látìgbà tí màmá mi ti lọ, mi ò mọ ẹni tí mò ń lọ bá.

Ẹ̀yin àgbà á rántí mọ́tò bàbá mi, Peugeot 504 aláwọ̀ eérú. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó pọ̀. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot níbẹ̀, ọdún yẹn náà sì ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ tiwọn l'Èkó. Ní ilẹ̀ Faransé, ọdún 1968 ni 504 jáde. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ga, sípíríǹgì ẹ̀ rọ̀, kòtò kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ́tò èrò fi fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tó gùn lẹ́yìn, tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbé wọ Èkó nígbà àkọ́kọ́.

Àwa tí a fẹ́ràn irú mọ́tò báyìí máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú. A óò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, a óò máa wo ẹ́ńjìnnì ara wa bí ẹni wo ọmọ tuntun. Ìyàwó mi ní àìsàn ni. Nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, a ní kí a jọ rìn lọ síbi tí òkè wà, kí ojú wa rí nǹkan míì yàtọ̀ sí gosiló. Wọ́n ní ta ló mọ ibi tí òkè wà? Ẹnu mi yá, mo ní, "Ìlú mi!"

Bí mọ́tò mẹ́sàn-án ṣe gbéra ní Bẹ́gà láago mẹ́fà ìdájí ọjọ́ Sátidé nìyẹn. Peugeot mẹ́ta, Mercedes méjì, Datsun kan, Toyota kan, Volkswagen ìjàpá méjì. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ń wa ọ̀kan nínú àwọn ìjàpá náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ọmọ Ìgbò wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni ọmọ Ẹ̀fọ̀n.

Kí a tó tan mọ́tò, ìyá yẹn pè wá jọ. Ó ní, "Ẹ gbọ́ o, ìjàpá mi ò ní sáré. Ẹni tó bá ń kánjú kó máa lọ." La bá fi í sí ipò kejì, lẹ́yìn ẹni tó mọ ọ̀nà, kí gbogbo wa lè máa rìn bó ṣe ń rìn. Àwọn ọ̀dọ́ kan kùn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, bí ẹni tí kò lè sáré bá wà lẹ́yìn pátápátá, díẹ̀díẹ̀ la óò fi í sílẹ̀, tí nǹkan bá sì ṣe é, a ò ní mọ̀. Tó bá wà níwájú, kò sẹ́ni tó máa sọnù. Ẹni tó mọ mọ́tò tún ṣe, tí jáàkì àti irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, òun la fi sí ìdí.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ọ̀nà wa lẹ́wà tí èèyàn ò bá sáré. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gba Aṣéjíré kọjá, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí bí omi Ọ̀ṣun ṣe tẹ́ rẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, tí ìkùukùu àárọ̀ wà lórí ẹ̀. A dúró ra dòdò Ìkirè. A gba Gbọ̀ngán, a gba Ifẹ̀, a gba Iléṣà. Nígbà tí a yà ní oríta Ìwàràjà, òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Lẹ́yìn Erin-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí omi Olúmirin ti ń já bọ́ ní ìpele méje, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ejò. Igbó lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Ọmọ Ìgbò yẹn fi fóònù pè mí nígbà tí a dúró sinmi, ó ní, "Bro, nílé yín lèyí? O ò sì sọ fún wa látọjọ́ yìí?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹni kan wá nawọ́ sí òkè gíga kan, ó ní, "Kí lorúkọ eléyìí?" Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Òkè wa ni." Wọ́n rín mi rín.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí. Níbi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn Mercedes bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín níbi táyà iwájú. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń wà á ti gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì látòkè, kò gbé e kúrò. Lójijì, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì lọ wọlẹ̀ gbọọrọ, mọ́tò ò dúró. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ó já jíà sílẹ̀ sí kejì, ó fa hánbíréèkì díẹ̀díẹ̀, ó sì rọra fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha ilẹ̀ pípọ́n tó ga lẹ́bàá ọ̀nà títí ó fi dúró. Ìyàwó ẹ̀ àti ọmọ ẹ̀ wà lẹ́yìn. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń gbọ̀n lórí sítíárìn. Ọmọ náà ń bi í pé, "Dádì, ṣé a ti dé?"

Ẹni tó wà ní ìdí ṣàlàyé fún wa. Bí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì látòkè dé ìsàlẹ̀, páàdì á gbóná, ooru á sì dé inú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́. Tó bá ti pẹ́ nínú mọ́tò, omi inú ẹ̀ á ti pọ̀. Omi náà á hó, á di afẹ́fẹ́ nínú páìpù, afẹ́fẹ́ lásán lẹsẹ̀ yín á sì máa tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì ní ọdún méjì-méjì, bí a ò tiẹ̀ rìn jìnnà. Bàbá mi kò kàwé mọ́tò, ṣùgbọ́n mo rántí ohun tó máa ń sọ lójú ọ̀nà yẹn gan-an: "Jíà tí a fi gòkè la fi ń sọ̀kalẹ̀." Ẹ́ńjìnnì á máa di mọ́tò mú, bíréèkì á máa sinmi. Tí mọ́tò yín bá jẹ́ òtòmátíìkì, ẹ fà á wá sí L tàbí 2. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ má da omi sí táyà tó gbóná bẹ́ẹ̀ o, ẹ jẹ́ kó tutù fúnra ẹ̀.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ ni wá, ìṣòro náà ò di àjálù. Ẹnì kan gbé ààmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan sáré lọ sí orí kọ́nà láti máa juwọ́ sí àwọn tó ń bọ̀, ẹnì kan gbé omi fún ìyàwó ẹ̀. Mẹkáníìkì kan wá láti ìlú lórí ọ̀kadà, ó fa afẹ́fẹ́ jáde, ó da ọ́ìlì tuntun sí i. Owó tó gbà ò tó owó epo wa dé Ṣágámù. Ó ní, "Àlejò Ẹ̀fọ̀n lẹ jẹ́."

Nígbà tí a wọ ìlú, mo páàkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ìyá àgbà kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ dìde, ó ń wo mọ́tò mi. Kò wo èmi o, mọ́tò ló ń wò. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Mọ́tò tíṣà kọ́ nìyí?" Mo ní òun ni, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní òru ọjọ́ kan, òun ń rọbí, kò sí ọkọ̀, bàbá mi ló gbé òun lọ sí ọsibítù nínú mọ́tò yìí. Ọmọ náà ti ń bẹ l'Àkúrẹ́ báyìí, ó ti bí ọmọ tirẹ̀. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ dà látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí èsì kankan fọ̀. Mo ti ń sọ pé mi ò mọ ẹni tí mò ń lọ bá. Ẹni tó mọ ìró ẹ́ńjìnnì bàbá mi wà níbẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ní gbogbo ọdún mẹ́fà yẹn.

A sun ìlú mọ́jú. Mo ṣílẹ̀kùn ilé wa, òjò ti wọlé síbi yàrá màmá mi. Lọ́jọ́ kejì, kí a tó kọrí sí Ìkògòsì láti lọ fẹsẹ̀ sínú ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, bàbá kan ní àdúgbò wa sọ orúkọ òkè yẹn fún mi, ó tún sọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́ níbí o. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ kó wálé wá gbọ́ lẹ́nu bàbá náà, ọjọ́ orí wọn ti lọ.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín fún ò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ rìn wálé ní oṣù Kejìlá yìí. Mọ́tò àtijọ́ kọ́ o, mọ́tò tí kálukú bá ní. Ẹni tí kò ní, kó wọ ti ẹlòmíì, kí wọ́n jọ ra epo. Báyìí la ṣe máa ṣe é:

Kí mẹkáníìkì yẹ bíréèkì, táyà àti sípíà táyà wò ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó ṣíwájú.

Kí mọ́tò márùn-ún márùn-ún máa jọ rìn. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, a óò dí ọ̀nà fún ẹlòmíì. Ẹ má sún mọ́ ara yín jù, ẹ fi àyè sílẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ kọjá lè wọlé.

Kí kálukú máa wo ẹni ẹ̀yìn ẹ̀ nínú díńgí. Tí ẹ bá dé oríta, ẹ dúró títí tó fi rí ibi tí ẹ yà sí. Tí ẹ ò bá rí i mọ́, ẹ dẹ eré.

Kí awakọ̀ má fọwọ́ kan fóònù. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni kó máa dáhùn. Ẹ má sì gbé fọ́tò ibi tí ẹ dé sórí ìkànnì títí ẹ ó fi délé.

Kí a gbéra ní ìdájí, kí gbogbo wa wà nílé kí oòrùn tó wọ̀. Tí ìṣòro bá dé, 122 ni nọ́ńbà àwọn Road Safety, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ni pé kí ẹgbẹ́ kọ̀wé sí ìjọba, kí wọ́n gbà wá láyè láti gbé pátákó sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀kalẹ̀. Kí a kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: LO JÍÀ KÉKERÉ. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kì í ṣe ọmọ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó máa tẹ̀lé e lè jẹ́ ọmọ wa. Owó pátákó náà ò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ kan. Èmi ni màá kọ́kọ́ dá tèmi.

Bí ẹṣin iwájú bá ṣubú, ti ẹ̀yìn a fi kọ́gbọ́n. Èmi ni ẹṣin iwájú yẹn: ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣubú. Ẹ wá fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹni tí kò lè sáré nínú wa ni a óò fi síwájú, a óò sì jọ dé.