Inú Rírun Nǹkan Oṣù: Ẹ Má Pe Ọmọ Yín Ní Ọ̀lẹ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpàdé ẹ̀ka, Kétu)

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ọ̀pọ̀ bàbá ni kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àpò wa ni owó iléèwé ti ń jáde. Bí nǹkan kan bá ń fa ẹ̀kọ́ ọmọ sẹ́yìn, ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Inú rírun tí ń bá àwọn ọmọbìnrin wa jà nígbà nǹkan oṣù ni mò ń wí. Láti Kétu dé Ìkòsí, títí dé Mile 12, a mọ̀ ọ́n nínú ilé wa. Ọmọ á di ikùn mú, ẹ̀yìn á máa ro ó, òmíràn á máa bì. Bó tilẹ̀ dé iléèwé, á gbórí lé tábìlì ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ: ọjọ́ 2 lóṣù, fún oṣù 9 tí iléèwé fi ń wọlé, ọjọ́ 18 nìyẹn. Ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iléèwé lọ! Ìdánwò WAEC kì í sì í dúró de ẹnì kan.

Àwọn kan ní ṣúgà ló ń fà á. Rárá o. Ara inú ilé ọmọ ló ń ṣe èròjà kan tí à ń pè ní prostaglandin, tí ń mú kí ilé ọmọ máa fún pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Bó bá pọ̀ jù, ó di ìrora. Ní 1982, Sune Bergström, Bengt Samuelsson àti John Vane gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí irú èròjà yìí. Vane ló fi hàn pé irú oògùn bí aspirin ń dí i lọ́wọ́.

Nínú ìdílé oògùn yẹn ni ibuprofen wà. Kí ọmọ lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, ní kété tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú tàbí ásímà, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Ìgò omi gbígbóná tí a fi aṣọ wé, tí a gbé lé ikùn, ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì fún un. Bí ìrora kò bá rọlẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má sọ pé bó bá bímọ á lọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ti ja ìjà yìí rí. Kí ogun àgbáyé kejì tó dé, àwọn obìnrin tí ń ṣe kọ̀ǹdọ́ bọ́ọ̀sì ní Tokyo ti béèrè ìsinmi nítorí nǹkan oṣù. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Japan gbà á ní 1947. Ní Zambia, òfin 2019 fún òṣìṣẹ́ obìnrin ní ọjọ́ kan lóṣù, láìmú ìwé dókítà wá.

Bí òfin bá lè mọ ìrora òṣìṣẹ́, ó yẹ kí iléèwé mọ ti ọmọ wa. Níbi ìpàdé àwọn òbí àti tíṣà, ẹ jẹ́ ká béèrè ohun mẹ́ta: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ tó lómi, ibi tí ọmọ lè sùn sí díẹ̀, àti àyè láti ṣe iṣẹ́ tàbí ìdánwò kíláàsì tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin bàbá, ẹni tó ń gbẹ́rù ní fakitọ̀rì mọ ohun tí ẹ̀yìn ríro jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè yín ní ọ̀lẹ. Ẹ má pe ọmọ yín bẹ́ẹ̀.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.